Ẹni Tó Ń Tún Iná Ọkọ̀ Ìyàwó Mi Ṣe

Ọkọ̀ ìyàwó mi ni, kì í ṣe tèmi. Òun ló ń wà á láti ilé wa ní Akpakpa lọ sí Dantokpa, níbi tó ti ń ta aṣọ. Èmi a máa gun zẹ́mì, ọ̀kadà tí gbogbo Kùtọnu ń gùn, lọ sí ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣe akọ̀wé. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín bí ààrò ẹlẹ́ja, èmi ni mo ní ká pààrọ̀ rẹ̀. Mẹkáníìkì àdúgbò bá wa wá ẹ́ńjìnnì àlòkù kan tó ṣì dára, ó sì gbé e sí i. Ti àtijọ́ máa ń fa epo fúnra rẹ̀. Tuntun yìí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, àfi kí pọ́ńpù oníná máa ti epo sí i láti inú táńkì. Mẹkáníìkì fa wáyà láti iwájú dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó nu òógùn ojú, ó ní iṣẹ́ ti parí.

Kò parí. Lọ́jọ́ Ajé tí ìyàwó mi kó ìdì aṣọ sínú ọkọ̀, orí afárá ni ọkọ̀ kú sí. Fúùsì pọ́ńpù ti jó. Ìyàwó mi kó ẹrù rẹ̀ sínú takisí, mẹkáníìkì wá fi fúùsì mìíràn sí i, ọkọ̀ dáhùn, ó sáré padà wálé láìṣe nǹkan kan. Nígbà tó tún ń lọ sọ́jà, ọkọ̀ tún kú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a yí. Mẹkáníìkì ní wáyà kan ti bó níbì kan, ó ń kan irin ọkọ̀, ìyẹn ló ń jó fúùsì. Ibi tó wà gan-an, òun ò rí i. Ó ní iṣẹ́ oníná ni, kì í ṣe tòun.

“Mo mọ oníná kan,” ni ìyàwó mi wí. “Ọmọ ìlú wa ni, láti Pobè. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Jonquet.”

Mo ní kó pè é. N kò bi í ní ìbéèrè kankan.

Ọkùnrin náà dé láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ga, ó fá orí, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́ ju ti ẹni tó ń fọwọ́ kan gíríìsì lọ. Kò tíì wọ ọgbà tán tó fi ké sí ìyàwó mi. Kò pe orúkọ rẹ̀ o. Oríkì rẹ̀ ló pè. Agudà ni wá ní Àjàṣẹ́. Nílé tiwa, orúkọ tí àlùfáà fún ni là ń jẹ́, a kì í ki ara wa. Mo ti bá obìnrin yìí bímọ, mo ti bá a sin bàbá rẹ̀, n kò gbọ́ oríkì yẹn rí. Ó sì dáhùn! Ó sáré jáde láìwọ bàtà, bí ọmọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ pè síta ká lọ ṣeré.

“Àna wa, ẹ kú ilé o,” ọkùnrin náà bọ̀ mí lọ́wọ́.

Àna! Mo dá a lóhùn, mo sì gbé àga mi bọ́ sí ìlòrò níbi tí mo ti lè máa wò wọ́n.

Nàgó, ẹ̀ka èdè ìlú wọn, ni wọ́n ń sọ, kíákíá, bí ẹni ń bó ẹ̀pà jẹ. Ìdajì rẹ̀ ni mo gbọ́. Èyí tí mo gbọ́ ló dùn mí jù: “o” ni ìyàwó mi ń pè é. “Ṣé o rántí?” “O ò tíì yí padà.” Èmi ọkọ rẹ̀, “ẹ” ló ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Mo ti máa ń fi ọ̀wọ̀ yẹn yangàn láàárín ọ̀rẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé oúnjẹ àlejò fún mi nínú ilé ara mi.

Ọkùnrin náà kó gbogbo ẹrù inú ọkọ̀ sílẹ̀ kó lè ráyè. Ó yọ wáyà lẹ́nu pọ́ńpù, ó yọ fúùsì, ó fi gílóòbù kékeré kan sí ipò rẹ̀.

“Bí wáyà bá fi lè kan irin pẹ́nrẹ́n, gílóòbù yìí á tàn,” ó ń ṣàlàyé fún ìyàwó mi, tó lóṣòó tì í.

Ó ń mi wáyà, ó ń fà á, ó ń tẹ̀ ẹ́. Gílóòbù kò tàn. Nígbà tó di ọ̀sán, ìyàwó mi gbé àkàsà àti ẹja díndín fún un nínú abọ́ olómorí tí a kì í gbé jáde àfi bí bíṣọ́ọ̀bù bá ní òun ń bọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn méjèèjì wa ọkọ̀ lọ dán an wò títí dé Cadjèhoun. Ìgbà tí wọ́n dé, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín.

“Kò kú rárá,” ni ìyàwó mi wí. “Ọkọ̀ yìí mà fẹ́ràn rẹ̀ o!”

Lọ́jọ́ tó tún ń lọ tajà, ọkọ̀ kú. Ó kó ẹrù sínú takisí, ó fi fúùsì mìíràn sí i, ó sì wà á lọ sí Jonquet fúnra rẹ̀. Jonquet, níbi tí orin ti ń jáde láti ilé ọtí kan sí èkejì! Ní ọ́fíìsì, nínú ìwé ilẹ̀ kan, mo kọ orúkọ ẹni tó ń ta ilẹ̀ sí àyè ẹni tó ń rà á, ọ̀gá mi sì bi mí bóyá ara mi ò yá. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, bí a ti ti ìsìn Mísà dé, mo wọ abẹ́ ọkọ̀ náà fúnra mi. Mo fa wáyà tí mo rí títí kan èyí tí kò ṣe nǹkan kan. Páìpù èéfín jó mi lápá.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ìyàwó mi ń fi òróró pa apá mi. “Ó ń bọ̀ ní Àbámẹ́ta.”

“Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀,” ni mo wí.

Ó dé lóòótọ́. Ó tún wá gbogbo ibi, kò rí nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe fẹ́ tún wa ọkọ̀ jáde, mo dìde.

“Èmi náà ń lọ.”

“Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe?” ìyàwó mi béèrè.

“Ọkọ̀ ilé mi kọ́ ni?”

Oníná ń wakọ̀, ìyàwó mi jókòó tì í níwájú. Mo wọ ẹ̀yìn. N kì í ṣe ènìyàn kékeré. Mo jókòó sáàárín gbùngbùn kí n lè máa rí ojú àwọn méjèèjì. Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí náà bí mi nínú, nítorí mo gbà pé èmi ni wọ́n ń dákẹ́ fún. A fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ògiri pápákọ̀ òfuurufú ní Cadjèhoun nígbà tí ọkọ̀ bọ́ sí kòtò, ó ta gìrì, ó sì kú.

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn.

“Ó jọ pé ọkọ̀ ò fẹ́ràn yín mọ́,” ni mo wí.

Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí àpótí fúùsì. Ó yọ fúùsì, ó ti jó. Ó wò mí nínú dígí, ó wò mí pẹ́.

“Àna, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ sílẹ̀ ná.”

Mo rò pé ìjà ló fẹ́. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ká apá aṣọ mi sókè. Àṣé gílóòbù rẹ̀ ló ń mú jáde. Ó yọ wáyà lẹ́nu pọ́ńpù, ó fi gílóòbù sípò fúùsì. Kò tàn.

“Ẹ padà wọ inú ọkọ̀. Ẹ jókòó bí ẹ ṣe jókòó tẹ́lẹ̀.”

Mo jókòó. Gílóòbù tàn.

“Ẹ dìde.”

Ó kú. Mo jókòó, ó tàn. Mo dìde, ó kú. Àwọn ọlọ́kadà ti dúró, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ tí mo ń nàró nínú ọkọ̀ bí aláàrùn orúnkún. Ìyàwó mi fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Ìdì aṣọ!” ó pariwo. “Orí ìjókòó yẹn ni mo máa ń kó o lé!”

Wọ́n gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè. Wáyà tí mẹkáníìkì fà gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, irin ìjókòó sì ti jẹ ẹ́ lára títí bàbà pupa inú rẹ̀ fi yọ. Bí nǹkan wúwo bá ti tẹ̀ ẹ́, bàbà á kan irin. Ìgbàkígbà tí oníná bá sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹrù ló kọ́kọ́ máa ń kó sílẹ̀.

“Bí ẹ ò bá tẹ̀ lé wa ni, àna,” ọkùnrin náà wí, “à bá ṣì máa wá a.”

Mo mọ̀ pé tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Mo ń wo bàtà mi. Ìyàwó mi, èmi ló ń wò.

Ọkùnrin náà ti wáyà bọ inú rọ́bà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ fà á kọjá, ó sì lọ ilé rẹ̀. Nígbà tí a délé, ìyàwó mi wá jókòó tì mí ní ìlòrò.

“Ẹ ń jowú,” ó wí.

“Ta ni ọkùnrin yẹn sí ọ?”

“Ó tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi nígbà kan. Bàbá mi ò gbà. Mo sunkún. Nígbà tó yá, ẹ̀yin dé.”

“O ò sì sọ fún mi.”

“Ẹ ò bi mí.”

Mo fẹ́ bi í bóyá ó ṣì ń rò ó. Ó rí ìbéèrè náà lójú mi.

“Ẹ gbọ́,” ó wí, “ṣé ó dìgbà tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ kí n tó lè lọ sí Jonquet? Ṣé kò sí zẹ́mì ní títì ni?”

Ó dìde, ó lọ gbé ìkòkò kaná. Ọ̀rọ̀ náà tù mí nínú, ó sì tún dẹ́rù bà mí, n kò mọ èwo ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ó kó ìdì aṣọ kún ìjókòó ẹ̀yìn títí ó fi kan òrùlé ọkọ̀, ó sì wa ọkọ̀ lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, mo pè é láti ọ́fíìsì láti béèrè bóyá ọkọ̀ dé Dantokpa.

“Ó ti dé tipẹ́,” ó wí.

Mo ń gbọ́ ohùn ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?”

“Oníbàárà ni,” ó wí. Kí n tó la ẹnu, ó fi kún un pé, “Obìnrin ni,” ó sì pa fóònù.