Màmá Jùwọ́n àti Jálébì Ọwọ́ Òsì

Wọ́n ní Màmá Jùwọ́n ti ṣe alásè rí láàfin ọba kan ní Íńdíà. Àwọn ará wa ní Ferrara nílẹ̀ Ítálì, pàápàá àwọn tó ń gbé nítòsí stazione ọkọ̀ ojú irin, fi kún un pé ọba náà fẹ́ fi Màmá ṣe olorì, àti pé orí erin ni Màmá gùn sá lọ. Nígbà tí ìròyìn náà fi máa dé Pordenone, erin ti di méjì, èkejì ló sì ru ìkòkò.

Màmá fúnra wọn ò sẹ́ ẹ rí. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, wọn á ní, "Ẹ jẹ́ á jẹun ná." Ẹni tó bá sì ti fẹnu kan jálébì wọn kì í rántí ìbéèrè mọ́.

Ṣùgbọ́n ká tó kan erin, ó yẹ ká sọ ti ọmọ tí Màmá pọ̀n wọ treno láti Padova lọ sí Verona, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Olújùwọ́n, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí, ń ṣiṣẹ́ ní magazzino kan ní Verona, níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù ránṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti pàdé Simran, ọmọ àwọn ará Punjab ní Íńdíà. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n Màmá Simran ò fẹ́ gbọ́. Wọ́n ní ilé tí àwọn ò bá ti lè jẹun, ọmọ àwọn ò ní gbé ibẹ̀. Kí ìyá ọmọkùnrin náà wá sí kíṣìnnì àwọn, kó wá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe jálébì. Bó bá dára, ká sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Bí kò bá dára, kí oníkálukú máa lọ.

Jálébì ni ìpanu aládùn tí àwọn ará Íńdíà máa ń fún sínú òróró gbígbóná, tó ń lọ́ po bí ìkarahun ìgbín, tí wọ́n á wá rì sínú omi ṣúgà. Jùwọ́n pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Màmá, ṣé ẹ mọ jálébì ṣe?"

"Kí ni mo fi tọ́ ẹ dàgbà, òkúta? Ṣebí àkàrà ni."

"Jálébì kì í ṣe àkàrà, Màmá."

"Òróró kan náà ni."

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ìyẹ̀fun tí wọ́n pò gbọ́dọ̀ sun ibi tó móoru kó lè kan, kó sì wú. Ọ̀gìnnìtìn mú, termosifone tó ń mú ilé tí Màmá ń gbé ní Arcella, ní Padova, móoru sì ti bàjẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, ìyẹ̀fun dùbúlẹ̀ pẹlẹbẹ, kò mí, kò gbin. Màmá wò ó títí. Wọ́n dé ọmọrí lé ike tí wọ́n pò ó sí, wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé e, wọ́n gbé e pọ̀n, wọ́n fi ọ̀já dì í gbọn-in. Kí afẹ́fẹ́ má baà gba orí wọlé, wọ́n dé fìlà wúlù kékeré kan lé e.

Bí wọ́n ṣe wọ inú treno, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde fún wọn. Ìyá arúgbó Òyìnbó kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọmọ yín mà ṣe jẹ́jẹ́ o. Kò tiẹ̀ sunkún."

"Kì í sunkún rárá," ni Màmá wí.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Orúkọ tó kọ́kọ́ sọ sí Màmá lẹ́nu ni, "Victory."

Ibẹ̀ ni controllore dé, ọmọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tí wọ́n kọ Gabriele sí àyà ẹ̀wù rẹ̀. Ó wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó wo fìlà wúlù.

"Signora, ìgbà wo lẹ bí i?"

Màmá kì í purọ́ láìnídìí. "Àná ni mo ṣe é."

Ojú Gabriele ranko. Ó ní òun máa pe ambulanza, pé ta ló ń gbé ọmọ àná jáde nínú irú òtútù báyìí. Ó ṣì ń wá fóònù nínú àpò nígbà tí ọmọrí ṣí pàù, tí nǹkan funfun kan rọra bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lábẹ́ fìlà.

"Signora," ni Gabriele wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "ọmọ yín ti bì sí yín lẹ́yìn."

Màmá na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n fìka kó díẹ̀, wọ́n lá a. "Ó ti kan dáadáa," ni wọ́n wí.

Ìyá arúgbó yẹn sọ̀ ní Vicenza. Verona ló ń lọ tẹ́lẹ̀.

Báyìí ni Màmá ṣe dé kíṣìnnì Màmá Simran, tí wọ́n da ìyẹ̀fun sínú ike ketchup tí wọ́n ti fọ̀. Wọ́n gbé e sí ọwọ́ òsì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un sínú òróró. Jùwọ́n lanu. Ìyá rẹ̀ yìí kan náà ló máa ń gbá a lọ́wọ́ ní kékeré bó bá ṣèèṣì fi òsì na búrẹ́dì sí àlejò.

"Màmá, òsì lẹ lò yẹn."

"Dákẹ́ jàre. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é."

Màmá Simran ò wo òróró. Ọwọ́ yẹn ni wọ́n ń wò. Wọ́n wá fi èdè Ítálì béèrè pé, "Ta ló kọ́ yín?"

Simran dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu àwo kan tó ti gbẹ tipẹ́. Màmá bojú wò ó, wọ́n tún yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Íńdíà ni mo ti kọ́ ọ, nígbà èwe mi. Láàfin ọba."

"Ọba wo?"

"Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Ó ti kú."

Màmá Simran jẹ ọ̀kan. Wọ́n jẹ èkejì. Jùwọ́n ń wo ẹnu wọn bí ẹni tó dúró níwájú adájọ́. Lẹ́yìn èyí tí wọ́n jẹ tẹ̀lé e, wọ́n nu ọwọ́.

"Ṣúgà rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìgbà wo lẹ fẹ́ ká ṣe ìgbéyàwó?"

Jùwọ́n ò lè pa ẹnu mọ́. Kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó, gbogbo ìjọ wa ní Padova ti gbọ́ pé ìyá rẹ̀ gbé ààfin rí. Sister Tinúkẹ́, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ìjọ, ló dá ti erin sílẹ̀.

"Màmá, kí lẹ máa ń gùn níbẹ̀?"

"Kí ni wọ́n ń gùn ní Íńdíà?"

"Erin."

"O ò rí i pé o ti dá ara rẹ lóhùn."

Àwọn obìnrin ìjọ wá ń rọ́ lọ sí Arcella láti kọ́ jálébì. Gbogbo wọn ló ń fi òsì tiraka, tí ìyẹ̀fun ń ta sí ògiri. Tinúkẹ́ bẹ Màmá pé ṣé kò ṣeé fi ọ̀tún ṣe ni.

"Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ kì í ṣe jálébì mọ́ nìyẹn, àkàrà tó ṣìnà ni."

Wọ́n tún ń ṣe láàsì, wàrà kíkan tí wọ́n lù pọ̀ mọ́ máńgòrò. Lọ́jọ́ ààwẹ̀, Pásítọ̀ Oyèlékè béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá oúnjẹ ni tàbí omi. "Ẹ ṣáà má lo ṣíbí, sà," ni Màmá wí. Pásítọ̀ mu ife kan, wọ́n gba òmíràn, ìwàásù ọjọ́ náà sì dá lórí ilẹ̀ tó ń ṣàn fún wàrà àti oyin.

Nígbà tí Simran bímọ obìnrin, ta ló tún máa sọ ọ́ lórúkọ bí kò ṣe Màmá? Victory ni wọ́n sọ ọ́, ọ̀já ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n sì fi pọ̀n ọ́n. Bó bá ń ké, wọn á ní, "Ìwọ kọ́ ni Victory àkọ́kọ́ tí mo pọ̀n o. Èyí àkọ́kọ́ ò yọ mí lẹ́nu." Ọmọ náà dàgbà, ó ń bi ìyá àgbà rẹ̀ bóyá ooru máa ń mú ní Íńdíà: "Nonna, ma in India faceva caldo?"

"Ó móoru bí ẹ̀yìn ìyá," ni Màmá dáhùn.

Lọ́dún tó kọjá, bí òtútù ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀, Màmá sùn, wọn ò jí mọ́. Lẹ́yìn ìsìn ìdágbére, gbogbo ènìyàn jókòó sí gbọ̀ngàn ìjọ ní Padova, ojú pọ́n. Òórùn ṣúgà ló kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n gbórí sókè. Màmá Simran ló wà nídìí òróró, wọ́n ń fi òsì fún jálébì. Kò dára rárá. Àwọn kan rí bí ìgbín tí mọ́tò tẹ̀.

Sister Tinúkẹ́ sún mọ́ wọn. "Màmá Simran, ṣé gbogbo yín lẹ ń fi òsì ṣe é ní Punjab?"

Màmá Simran bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú ẹ̀rín náà.

"Kò sẹ́ni tó ń fi òsì ṣe é. Ẹnì kan péré ni mo mọ̀, ọlọ́wọ́ òsì ni, mo jágbe mọ́ ọn títí ó fi sú mi."

Gbogbo ojú yí sí Simran, tó ń fi ọwọ́ òsì nu omijé.

"Ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn?" ni Jùwọ́n béèrè. "Ẹ ò wá sọ nǹkan kan?"

"Ìyá rẹ pọn ìyẹ̀fun wọ treno nítorí ìwọ," ni wọ́n dá a lóhùn. "Ẹni tó lè pọn ìyẹ̀fun ò ní já ọmọ mi lulẹ̀."

Tinúkẹ́ mú ọ̀kan nínú àwọn jálébì tó wọ́ náà. Ọwọ́ òsì ló fi mú un, kò sì sẹ́ni tó bá a wí.

Simran ló kọ́ Màmá, lórí fóònù, nígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ síbi iṣẹ́. Màmá Jùwọ́n ò dé Íńdíà rí.