Ìkúnlẹ̀ ní Etí Omi Borokiri

Nígbà tí mo ń kàwé gboyè kejì ní Port Harcourt, àwa mẹ́rin là ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan, ọmọ Ìkwerre. Iṣẹ́ wa ni láti gba ìró sílẹ̀ lọ́nà tí ẹni tó bá fi íápíìsì sétí á fi mọ ibi tí ìró kọ̀ọ̀kan ti ń wá, bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Ọ̀tún àti òsì kò le. Òkè ló fẹ́ pa wá. A ò rí ìró kankan mú wá láti òkè.

Ọ̀gá ki máíkì tín-íntìn-ín méjì bọ̀ mí létí, wọ́n ní kí n lọ rìn ní etí omi Borokiri, kí orí mi má mì rárá. Mo ti sín ba èyí tí mo gbà sílẹ̀ ní Abuloma jẹ́, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé bí èyí náà bá bàjẹ́, kí n wá ọ̀gá mìíràn.

Mo ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni ru omi, àfi bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta aṣọ òkìrìkà níbẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé dáadáa ni?"

Kí n tó ronú, orúnkún mi ti kanlẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Orí mi ti mì, mo ti ba èyí náà jẹ́.

Nígbà tí mo padà dé, bí ọ̀gá ṣe ń gbọ́ ohun tí mo gbà sílẹ̀, mo ti ń palẹ̀ ìwé mi mọ́. Lójijì, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń wo àjà.

"Who be dis mama wey dey talk for my head top?"

A ti rí òkè! Ìkúnlẹ̀ mi ló gbé ohùn ìyá sókè. Inú mi dùn débi pé mo pariwo. Ọ̀gá ní kí n padà lọ kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, "but no talk o!"

Lọ́jọ́ kejì, mo kúnlẹ̀, mo dìde, mo tún kúnlẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ìyá ju aṣọ ọwọ́ wọn sílẹ̀.

"Háà! Kí lo ṣe?"

Mo rántí ìkìlọ̀ ọ̀gá, mo dúró lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mi mú, orí tí kò gbọdọ̀ mì. "Dìde, ọmọ mi. Ohunkóhun tó o bá ṣe, mo ti forí jì ẹ́. Ọlọ́run á gbé ọ ga."

Ọwọ́ wọn ń ha máíkì gìrìgìrì, èyí kò wúlò fún iṣẹ́ wa. Ọ̀gá ní kí n pa á rẹ́. N ò pa á rẹ́. Títí di òní, bí nǹkan bá sú mi, màá fi íápíìsì sétí, màá sì gbọ́ wọn lókè orí mi, tí wọ́n ń ní kí n dìde.