Wákàtí Mọ́kànlá

Ogún ọdún gbáko ni èmi àti Lékeléke fi jókòó nídìí tábìlì kan náà, tá à ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Àwa la sọ ọ́ ní Lékeléke, nítorí ọrùn rẹ̀ tó gùn àti búláòsì funfun tí kì í bọ́ sílẹ̀. Dárúkọ ìlú méjì tó jìnnà síra, kó o tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, á ti sọ iye kìlómítà tó wà láàárín wọn àti wákàtí tí ọkọ̀ máa lò.

Ohun kan wà tí mo máa ń bá a jà lé lórí. Wákàtí tí ọkọ̀ fi wà lókè nìkan ló ń kà fún oníbàárà. Kì í ka èyí tí wọ́n á fi jókòó de ọkọ̀ kejì, kì í ka ọ̀nà ilé. Mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí, irọ́ kọ́ nìyẹn?" Á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojú ọ̀run ni mò ń tà, mi ò ta àga ìjókòó." A ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi báyìí pé mo rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin pè é láti ìlú tí ìyá wọn ń gbé. Àìsàn Màámi ti kọjá agbára dókítà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fẹ́ rí kó tó lọ. Wọ́n gbé fóònù sí Màámi létí. Lékeléke ní, "Màámi, ẹ dúró dè mí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án kìlómítà péré ni. Wákàtí mọ́kànlá, mo ti dé." Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló ti mọ́ ọn lẹ́nu, kò rò ó kó tó sọ ọ́. Èmi náà tí mo jókòó tì í ò rò ó, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni mò ń wá lórí ẹ̀rọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ọ̀sán ló tó rí ọkọ̀ wọ̀. Níbi tó ti pààrọ̀ ọkọ̀, wákàtí mẹ́fà ló fi jókòó. Wákàtí méjìlélógún ti kọjá kó tó wọlé, wọ́n sì ti faṣọ bo Màámi lójú.

Àbúrò rẹ̀ ló ròyìn fún un. Màámi ní kí wọ́n gbé aago ògiri wá síwájú òun. Kò gba oògùn ìrora, torí ó ń kùn ún lóorun. Nígbà tó ku wákàtí kan, ó ní kí wọ́n ya irun òun. Nígbà tí wákàtí mọ́kànlá pé, ó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà títí. Ó wá ní, "Kò wá mọ́. Ẹ tilẹ̀kùn." Ó yíjú sí ògiri, kò sì pẹ́ tó fi dákẹ́.

Àwọn kan níbi iṣẹ́ ní àsìkò Màámi ló tó. Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Obìnrin náà ń retí ọmọ ẹ̀ ni.

Lékeléke padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Oníbàárà àkọ́kọ́ bi í pé wákàtí mélòó ni ìrìn òun máa gbà. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dá a lóhùn."