Soulé Kí-Nìyẹn àti Nọ́fíù Tó Ń Jowú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ olóògbé Soulé tó ń pa Manigri lẹ́rìn-ín jù lọ ni ti ọjọ́ tí gbogbo ìlú ń ṣe àmín. Gambari kan, nínú àwọn tó máa ń kó obì gba Bassila kọjá lẹ́ẹ̀rùn, sáré dé abẹ́ igi tí àwọn àgbà jókòó sí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń sọ̀rọ̀ kíkankíkan, omijé ń dà lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè rẹ̀. Ṣùgbọ́n Nọ́fíù, àgbẹ̀ oníṣu tí kì í gbà pé nǹkan kan ṣókùnkùn sí òun, kígbe pé, "Àmín!" Ni gbogbo ènìyàn bá gbè é: "Àmín o! Àmín!"

Soulé nìkan ló dìde.

"Nọ́fíù, kí ni ọkùnrin yìí ń wí?"

"O ò mọ̀ ni? Ojú ò tì ọ́? Àdúrà ló ń ṣe fún wa!"

Soulé ní ojú ò ti òun. Ó di àjèjì lọ́wọ́ mú, ó fi ojú àti èjìká bi í léèrè, àjèjì sì fà á lọ. Ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n ti bá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ nínú kòtò, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lókè. Ẹ̀ẹ̀méje ni Manigri ti ṣe àmín sí i.

Wọ́n yọ ẹranko náà. Láti ọjọ́ yẹn, ilé Soulé ni àwọn olóbì ń wọ̀ sí. Nọ́fíù sọ ọ́ ní Soulé Kí-Nìyẹn kí ojú lè tì í, Soulé sì ń jẹ́ ẹ bí oyè. Owú bẹ̀rẹ̀ sí í jó Nọ́fíù nínú. "Èmi tí mo mọ nǹkan, ilé mi dá. Ẹni tí kò mọ̀ ni àlejò ń wọ́ tọ̀!"

Nígbà tó yá, Soulé lọ bá Roukayatou, ìyàwó Nọ́fíù, níbi tó ti ń po òrí. "Ìyàwó wa, kí ló ń sọ nǹkan dúdú yìí di funfun?" Obìnrin náà ní kó pò ó wò. Ó pò ó títí di ọ̀sán, òrí yí i lára dé etí. Ajá mẹ́ta ló ń lá gìgísẹ̀ rẹ̀ délé. Nígbà tí Nọ́fíù ti oko dé, Roukayatou ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó wu Nọ́fíù kó mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ gbogbo nǹkan ò lè béèrè.

Lọ́dún kan, iṣu Nọ́fíù bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà nínú àká, títí kan èyí tó fẹ́ fi ṣe èbù. Àká Soulé kún, kò sí ọ̀kan tó bàjẹ́. Nọ́fíù gba iwájú ilé Soulé kọjá lẹ́ẹ̀mẹta.

"Nọ́fíù, ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Mo ń nasẹ̀ ni."

Lẹ́ẹ̀kẹrin, inú rẹ̀ bẹ́. "Soulé! O bi Gambari, o bi ìyàwó mi, o bi ọmọdé, mo tiẹ̀ rí i tí o ń bi ewúrẹ́ mi! Kí ló dé tí o kì í bi èmi léèrè nǹkan?"

"Mo ti bi ọ́ rí. O ní ṣé n kò mọ̀ ni. Mo bá gbé ìbéèrè mi lọ síbi tí wọn ò ti ní fi nà mí."

Nọ́fíù súnmọ́ ọn. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Iṣu mi ń jẹrà. Kí ni kí n ṣe?"

Èyí nìkan ni Soulé kò fi rẹ́rìn-ín. Ó ti bi ìyá arúgbó kan ní Doguè léèrè rí nípa iṣu tó ń jẹrà. Wọ́n jọ gé ibi tó rà kúrò, wọ́n fi eérú pa ojú ibi tí wọ́n gé. Ìdajì iṣu náà là. Nígbà tí òjò dé, Soulé bi Nọ́fíù bó ṣe ń kọ ebè tí àgbàrá kì í wó. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Nọ́fíù fi dáhùn.

Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ni Soulé kú. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, Nọ́fíù lọ dá jókòó. Roukayatou tọ̀ ọ́ lọ.

"Bàbá Idrissou, kí lẹ̀ ń rò?"

"Àwọn tó ti kú ṣáájú ni. Mo ń jowú wọn." Ó nu ojú. "Àwọn ni Soulé yóò máa bi léèrè báyìí."