Àpò Inú Sùtánà

Sùtánà ni mo ń rán jù ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òrè, lójú ọ̀nà tó lọ sí Odìgbò. Àwọn ará ilé àdúrà wa mọ̀ pé n kì í fi àpò sí i, nítorí ẹni tó ń lọ síwájú pẹpẹ kò nílò ibi tí yóò kó nǹkan sí. Ẹyọ kan péré ni mo fi àpò sí rí. Ti ọkọ mi ni.

Ọmọ Ìkálẹ̀ ni ọkọ mi, àgbẹ̀ kòkó ni, oko rẹ̀ wà lọ́nà Ajue. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ ni, kì í sì í ráhùn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lẹ́yìn ilé, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó máa ń tọ̀ sí, etí ni mo kọ́kọ́ fi mọ̀. Mo máa ń wà ní ilé ìdáná tí mò ń ro púpurú, màá gbọ́ tí ìtọ̀ náà dá, tó tún bẹ̀rẹ̀, tó tún dá. Á wọlé, kò ní tíì jókòó dáadáa kó tó tún padà síta.

"Bàbá Ìbejì, kí ló ń ṣe yín?"

"Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Mo ti ra àgbo."

Ó mu àgbo náà tán, kò yàtọ̀. Ìgbà tó yá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé ẹ̀rù ló ń ba òun. Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin tí kò bá lè tọ̀ dáadáa, àtọ̀sí ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ pé ó ń ṣe é, wọ́n á sì béèrè ibi tó ti lọ kó o. Kò fẹ́ kí n fi ojú yẹn wo òun. Mo ní mi ò tilẹ̀ rò ó.

"O ò rò ó? Ṣé mo ti darúgbó tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti pẹ́ jù. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń fọ́ kòkó lóko, ìtọ̀ há pátápátá. Ọlọ́kadà ló gbé e dé Òrè, kò sì sí kòtò kan lójú ọ̀nà náà tí kò mọ̀ lára. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ki rọ́bà tínrín kan bọ ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀, ìtọ̀ sì ya jáde sínú àpò ọ̀rá. Ọkọ mi mí kanlẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run bù kún nọ́ọ̀sì náà, àti ọmọ rẹ̀, àti ọmọ ọmọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní òun kò tíì lọ́kọ.

Dókítà ṣàlàyé pé kókó kan wà lábẹ́ ilé ìtọ̀ ọkùnrin, tí wọ́n ń pè ní pirositéètì. Bí ọkùnrin bá ń dàgbà, ó lè wú, kó sì fún ojú ọ̀nà ìtọ̀ pa. Ó lè jẹ́ wíwú lásán, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, èsì rẹ̀ kò tẹ́ dókítà lọ́rùn. Ó ní ká lọ sí Àkúrẹ́, kí wọ́n mú ẹran díẹ̀ lára kókó náà wò. Kí ó tó dìgbà náà, rọ́bà kò gbọdọ̀ kúrò. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ìtọ̀ lè tún há, kó sì ba kíndìnrín jẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa ní Àkúrẹ́ bọ́ sẹ́yìn ìkórè ìjọ wa.

Nínú ìjọ wa, a kì í wọ bàtà wọlé, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í sì í wọlé rárá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ìta, lábẹ́ fèrèsé, tí mò ń gbọ́ ìwàásù láti ibẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé ìgbà tí a ti ilé ìwòsàn dé, mo jáde lẹ́yìn ìsìn, mo bá ọkọ mi lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ṣẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, ó fi aṣọ bo àpò ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó má wọlé. Òun ló fi òfin wa de ara rẹ̀.

"Mi ò lè gbé ìtọ̀ wọ ilé Ọlọ́run," ó ní. "Ẹni tó ń ta oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ní òun lè bá mi yọ rọ́bà yìí kí ìkórè tó dé."

"Dókítà ńkọ́?"

"Dókítà kì í ṣe ọmọ ìjọ wa."

Ọkọ mi ni wọ́n yàn láti ṣáájú àwọn àgbẹ̀ wọlé lọ́jọ́ ìkórè. Mo mọ̀ pé ó máa yọ ọ́. Bó bá sì yọ ọ́, tí ìtọ̀ kò há lójú ẹsẹ̀, yóò ní ara òun ti yá, kò sì ní dé Àkúrẹ́ mọ́. Mi ò bá a jiyàn. Mo lọ sọ́dọ̀ Bàbá Àgbà, ẹni tó dàgbà jù nínú ìjọ. Ó gbọ́ mi tán, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní ká máa lọ bá ọkọ mi nílé.

"Ìwọ," ó sọ fún ọkọ mi, "mo gbọ́ pé o ti di obìnrin."

Ọkọ mi wolẹ̀. "Bàbá, ìtọ̀ ni mo gbé kọ́ ara."

"Ṣé kò sí ìtọ̀ nínú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi ni? Gbogbo wa la ń gbé tiwa wọlé. Tèmi, bí ìwàásù bá ti gùn, òun nìkan ni mò ń rò."

"Inú ni tiyín wà, Bàbá."

"Tìẹ wà nínú ọ̀rá tó ní ìdérí. Èwo ló ṣeé fọkàn tán jù?"

Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. "Àwọn èèyàn á rí i."

Bàbá Àgbà yíjú sí mi. "Ìyá Ìbejì, ṣebí ìwọ lò ń rán aṣọ?"

Mo tú ẹ̀gbẹ́ òsì sùtánà ọkọ mi, mo fi aṣọ ìlọ́po méjì rán àpò sí inú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ gbé e ga jù. Nọ́ọ̀sì ti sọ pé ọ̀rá náà gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ilé ìtọ̀ lọ, nítorí náà mo tú u, mo rán an sí ìsàlẹ̀. Mo bu omi sínú ọ̀rá mìíràn, mo ní kó fi rìn láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà. Aṣọ náà fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo mú kí ìṣẹ́tí ẹ̀gbẹ́ kejì nípọn, ó sì dọ́gba.

Lọ́jọ́ ìkórè, ó ṣáájú àwọn àgbẹ̀, ó rọra ń rìn. Ẹ̀gbẹ́ òsì aṣọ rẹ̀ ni mò ń wò. Mi ò mọ orin tí wọ́n kọ.

A lọ sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Jẹjẹrẹ ni. Dókítà ní ó ti jáde díẹ̀ kúrò nínú kókó náà, kò ṣeé gé kúrò pátápátá mọ́, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ wà tó lè máa dá a dúró. Ó béèrè ìgbà tí ìtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá. Ọkọ mi wò mí. Èmi ni mo dáhùn. Dókítà ní kí àwọn ọmọ wa ọkùnrin máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò bí wọ́n bá ti tó ogójì ọdún, kí wọ́n má dúró de ìgbà tí yóò máa dùn wọ́n.

Nígbà tó gba abẹ́rẹ́ kejì, wọ́n yọ rọ́bà wò, ìtọ̀ sì ń jáde fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà mú ooru wá, irú èyí tó ń mú obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Ó ń mú èmi náà lọ́wọ́. Bó bá dé sí i ní ṣọ́ọ̀bù, á nawọ́ gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Ṣé bó ṣe máa ń ṣe yín nìyí?"

"Bó ṣe máa ń ṣe wá nìyẹn."

"Ẹ̀yin obìnrin ń gbìyànjú o."

Mo ní kó mú sùtánà náà wá kí n tú àpò náà kúrò. Ó ní kí n fi sílẹ̀, pé abẹ́rẹ́ ṣì ń bá àrùn náà jà, a ò tíì mọ ibi tó máa já sí. Mo fi sílẹ̀. Mo fọ aṣọ náà, mo lọ̀ ọ́, mo gbé e kọ́.