Irin Ẹsẹ̀ Tí A Pín Lò

Nígbà tí mo ṣì kéré, irin kan wà nílé wa tó máa ń ga láàárọ̀, tó sì máa ń kúrú lọ́sàn-án. Irin ẹsẹ̀ ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má tíì rí irú rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni, ọ̀kan lápá ọ̀tún ẹsẹ̀, ọ̀kan lápá òsì. Ìsàlẹ̀ wọn máa ń wọ inú ihò tí wọ́n lu sí gìgísẹ̀ bàtà. Òkè wọn di mọ́ irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi awọ bò, tó yí ẹ̀yìn ojúgun ká, tí a máa ń fi bẹ́líìtì dì níwájú. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan jẹ́ irin méjì tó gorí ara wọn, ihò sì wà lára wọn lẹ́sẹẹsẹ. Bí a bá yọ nọ́ọ̀tù kúrò nínú ihò kan tí a fi sínú òmíràn, irin náà á ga sí i tàbí kó kúrú.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló gbé e wá sílé wa. Lákòókò òjò kan, ara èmi àti àbúrò mi obìnrin gbóná lọ́sẹ̀ kan náà. Nígbà tí ibà náà lọ, ó mú ẹsẹ̀ lọ lára wa. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, lára àwa méjèèjì. Èmi ti ń sáré kiri nígbà náà. Òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ògiri mú rìn ni. Tèmi rọ, ó sì tín-ín-rín, ṣùgbọ́n bí mo bá rí igi dì mú, mo lè fà á. Tirẹ̀ burú ju tèmi lọ. Bó bá fi tẹlẹ̀ báyìí, ọrùn ẹsẹ̀ náà á yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì ṣubú.

Ọdún ń gorí ọdún. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sílé ìwé, èmi jókòó sílé. Bàbá mi, àgbẹ̀ tó ń dáko lọ́nà Òjòkú, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wádìí. Ó gbọ́ nípa ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì kan lọ́nà jíjìn, níbi tí wọ́n ti ń rọ irin fún irú ẹsẹ̀ wa. Òun àti ìyá mi kó wa wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ọ̀ffà. Ẹ̀rù ń bà mí, inú àbúrò mi ń dùn. Ó ń juwọ́ sí gbogbo màlúù tó rí lẹ́bàá ọ̀nà.

Obìnrin òyìnbó ló ń ṣe irin náà. Ó wo ẹsẹ̀ wa, ó mi orí. Èyí tó bá ọmọdé mu kò ju ọ̀kan lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n mọ́ mi lẹ́sẹ̀ torí pé èmi ni àgbà, ó ní kí wọ́n mú àbúrò mi padà wá tó bá yá. Nọ́ọ̀sì tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ fún àwọn òbí wa pé irin náà á máa bá mi dàgbà: bí mo bá ti ga díẹ̀, kí wọ́n sún nọ́ọ̀tù sókè ní ihò kan, kí wọ́n sì jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí màá fi tún ga. Wọ́n fún ìyá mi ní sípánà kékeré kan.

Nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà, ìyá mi gbé irin náà sórí itan, ó ń yẹ ihò rẹ̀ wò.

"Bàbá wọn, irin tó bá lè ga, ṣebí ó lè kúrú?"

Ojú fèrèsé ni bàbá mi ń wò. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìyá mi ti mú bàtà àbúrò mi lọ sọ́dọ̀ aṣebàtà, ó ní kó lu ihò sí i ní gìgísẹ̀ bíi tèmi.

Nígbà yẹn, ọmọ pọ̀ ju yàrá lọ nílé ìwé, wọ́n sì pín wa sí ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán. Ìyá mi lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, ó bẹ̀ ẹ́ kó fi mí sí ti àárọ̀, kó fi àbúrò mi sí ti ọ̀sán. Láti ilé wa lọ́nà Ìjagbo, èmi á fi irin náà rìn lọ láàárọ̀, màá sọdá ojú irin reluwé. Tí agogo ọ̀sán bá lù, màá bá ìyá mi lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, àbúrò mi á wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá mi máa kúnlẹ̀, á tú sípánà kúrò nínú kókó ìró rẹ̀, á bọ́ irin lẹ́sẹ̀ mi, á sún un wálẹ̀, á sì fi sẹ́sẹ̀ ọmọ kejì. Àbúrò mi á wọlé ẹ̀kọ́. Ìyá mi á wá pọ̀n mí relé. Ó pọ̀n ún wá, ó pọ̀n mí padà, lójoojúmọ́. Mo ti tóbi ju ẹni tí wọ́n ń pọ̀n lọ. Ẹsẹ̀ mi máa ń wọ́ eruku.

Àwọn ọmọ ilé ìwé ò dákẹ́, ẹ mọ ọmọdé. Bí wọ́n bá rí wa, wọ́n á ní, "Ẹlẹ́sẹ̀ àyálò dé o! Ta ló ni ín lónìí?" Èmi máa ń sorí kọ́. Àbúrò mi ò jẹ́. Á dúró sórí irin náà gbọn-in, á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ni ẹsẹ̀ méjì, kí ló ń mú yín pẹ́ dé?" Àwọn tó pẹ́ dé nínú wọn á sì sá wọlé.

Báyìí la ṣe é títí tó fi lé ní ọdún kan. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò ni pé irin tí wọ́n ṣe láti máa sún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwa ń sún un lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀tù ń jẹ. Ihò ń fẹ̀. Ìyá mi fi okùn dì í, ó fi wáyà dì í. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń sọdá ojú irin reluwé, ọ̀pá òsì já kúrò nínú ihò, mo sì fi ẹnu lulẹ̀ lórí irin. Eyín iwájú mi tó kán níbẹ̀, ẹ rí àlàfo rẹ̀ títí dòní.

Bàbá mi gbé irin náà padà lọ sílé ìwòsàn ọ̀hún. Ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Obìnrin òyìnbó náà ti padà sílùú rẹ̀, wọn ò sì tíì rí ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ náà. Bó ṣe gbé e lọ ló gbé e bọ̀.

Ó wá mú èmi àti irin náà lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan nítòsí ibùdókọ̀. Wẹ́dà yí i lọ yí i bọ̀.

"Baba, ojú ihò yìí ti jẹ tán. Kò lè gba nọ́ọ̀tù kankan mọ́. Mo lè jó o pọ̀ fún yín, kò sì ní já mọ́ láé. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti jó o, ibi tí mo bá jó o sí náà ló máa wà o. Ṣé ti ẹ̀gbọ́n ni, àbí ti àbúrò?"

Bàbá mi wò mí. Ó wo igi tí mo gbára lé. Mo mọ ohun tó máa sọ kó tó sọ ọ́.

"Ti àbúrò," ló wí. "Ọkùnrin lèyí. Ó lè fi igi rìn."

Iná wẹ́dà ń fọ́n, mo yíjú kúrò. Nígbà tí a délé, ìyá mi fọwọ́ pa ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ náà. Ó ní, "Ọmọ yìí ń ga o." Bàbá mi ní bó bá ga, àwọn á tún mọ ohun tí àwọn máa ṣe.

Bí mo ṣe kúrò nílé ìwé nìyẹn. Mo gbìyànjú láti fi igi lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà jìn, òjò sì máa ń sọ ọ́ di ẹrọ̀fọ̀. Ìyá mi ti lóyún, kò lè pọ̀n ẹnikẹ́ni mọ́. Mo jókòó sílé, mo ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, àbúrò mi á dé, irin á máa dún kọ́, kọ́, kọ́ láti òkèèrè, á sì fi èédú kọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ sára ògiri fún mi. "Bọ̀dá mi, ẹ kà á. Ẹ má wo ẹnu mi!" Bí mo bá ṣì í, á ní òun máa fẹjọ́ mi sun ọ̀gá ilé ìwé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti mọ̀wé kà.

Ó ga lóòótọ́. Ó ga bí àgbàdo. Awọ tó yẹ kó wà lábẹ́ orúnkún rẹ̀ wá sọ̀ kalẹ̀ síbi tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ti pọ̀, etí irin sì ń gé e. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé ń ṣe. Ó ń ki òwú sábẹ́ awọ náà. Ó ń fọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyá mi sì ń yìn ín pé ọmọ òun ti ń dàgbà. Òórùn ló tú àṣírí. Nígbà tí ìyá mi bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà, awọ ara bá a wá.

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní. Mo jókòó tì í, mo ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí ẹsẹ̀ náà kí eṣinṣin má baà bà á. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ.

"Tí mo bá sọ pé ó ń dùn mí, wọ́n á ní kí n bọ́ ọ," ó wí. "Tí mo bá sì bọ́ ọ, kí ni wọ́n wá tìtorí ẹ̀ gbà á lọ́wọ́ yín, bọ̀dá mi?"

Mo ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ náà nìṣó.

Àrùn ipá wọ inú egbò náà. Ẹnu rẹ̀ há, ọrùn rẹ̀ le, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ọmọ tó máa ń fèsì fún gbogbo ènìyàn ò lè la ẹnu kó mu omi. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ló kú. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kan náà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa. Bàbá mi ju irin náà sórí àjà, kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ìyá mi ò yọ sípánà kúrò nínú kókó ìró rẹ̀. Bó bá pààrọ̀ ìró, á tú u nínú ti àná, á so ó mọ́ ti òní.

Mo padà sílé ìwé nígbà tí ohùn mi ti ń yí padà, mo jókòó láàárín àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Mo fi igi rìn débẹ̀. Mo kàwé mi pẹ́, mo rí iṣẹ́ pẹ́, mo gbéyàwó pẹ́. Kò sí ẹni tó lè bá mi sọ̀rọ̀ irin. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, bẹ̀ mí títí. Ìbàdí mi ti ń wọ́, ẹ̀yìn ń dùn mí. Òun ló máa ń fi òróró gbígbóná ra á lálaalẹ́. Tó bá bi mí pé ṣé ó ń dùn mí, màá ní rárá. Á ní, "Irọ́ lẹ ń pa," á sì tún máa ra á. Láti ìgbà tó ti kú, kò sí ẹni tó ń bi mí.

Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin mi ò gbọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ mọ́, ó fipá mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe irin ẹsẹ̀ ní Ìlọrin. Mo gbé irin àtijọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ lórí àjà bàbá mi, mo fi í sínú ọ̀rá, mi ò mọ ìdí tí mo fi mú un dání. Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí kò ju ọmọ mi lọ, gbà á wò. Ó fi ìka nu ìpẹtà orí rẹ̀.

"Daddy, ihò ṣì pọ̀ lókè níbí tí nọ́ọ̀tù ò wọ̀ rí. Ta ló jó o pa báyìí?"

"Bàbá mi ni," mo fèsì.

Ó wo ojú mi, ó rọra dá a padà sínú ọ̀rá.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Wọ́n ń kán oògùn rọpárọsẹ̀ sẹ́nu àwọn ọmọ yín látìgbà tí wọ́n ti wà ní jòjòló, mi ò sì rí ọmọ kan ládùúgbò wa tó ń wọ́ ẹsẹ̀ bíi tiwa. Irin tuntun tí wọ́n ṣe fún mi níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo. Ike ni wọ́n fi ṣe ibi tó gbá ẹsẹ̀ mú, ọ̀pá rẹ̀ ń sún, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn, síkúrù wẹ́wẹ́ ló sì ń dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ọmọbìnrin náà ní òun ò tíì ní dì í pa. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi rìn, kí òun mọ ibi tó yẹ kí òun sún.

Mo rìn dé ara ògiri, mo padà. Lẹ́yìn ojúgun, níbi tí etí rẹ̀ wà, ó ń gé mi díẹ̀.

"Daddy, ṣé ó ń dùn yín níbì kankan?"

Rárá ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Mo gbé e mì.

"Ó ń dùn mí," mo wí.

"Ó dáa bí ẹ ṣe sọ ọ́," ó wí. Ó mú sípánà kékeré kan, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.