Agbádá Bàbá Làmídì

Òórùn sítáàṣì gbígbóná ló máa ń jí mi láràárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Ọjọ́ náà ni wọ́n ń fọ agbádá tí àwọn bàbá yóò wọ̀ lọ sí Jímọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ni àwa ń lọ ní tiwa, ṣùgbọ́n okùn aṣọ kan náà ni gbogbo agboolé jọ ń lò.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nígbà ìsinmi, èmi àti Làmídì, ọmọ ojúlé kejì, ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹsẹ̀ ẹ tín-ín-rín bí ọmọ orógùn! O ò lè gbá a kọjá kànga." Ó gbá a kọjá kànga lóòótọ́. Bọ́ọ̀lù ba agbádá funfun bàbá rẹ̀, okùn já, aṣọ ṣubú sínú ẹrọ̀fọ̀.

Bàbá Làmídì kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bíríkìlà ni, a máa ra gúgúrú bọ̀ fún gbogbo wa. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣẹ̀, pàṣán rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà yẹn, ọmọ tó bá ṣẹ̀ a wá àgbà tí yóò sìn ín délé, nítorí wọn kì í na ọmọ lójú ẹlẹ́bẹ̀. Làmídì kúnlẹ̀ fún ìyá mi.

"Màmá Délé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ bàbá mi."

Ìyá mi kò pariwo. Kì í lu ọmọ. Òun ló máa ń bi àwọn ará ilé pé, "Ẹ ní ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń na ọmọ. Ọwọ́ òsì tí ẹ ó fi fà á mọ́ra ńkọ́?" Ó ní, "Ẹni tó ba nǹkan jẹ́ ló ń tún un ṣe. Délé, pọn omi. Làmídì, gbé ọṣẹ. Tí aṣọ bá gbẹ, màá sìn ẹ́ lọ. A ò ní lọ bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo."

A fọ̀ ọ́ títí ó fi funfun padà. Làmídì ń wo ẹnu ọ̀nà ṣáá. Aṣọ kò tíì gbẹ nígbà tí a gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo máa fi bojú wẹ̀yìn, ipa ẹsẹ̀ tútù Làmídì nìkan ló kù, tó lọ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ojú irin wà.

Ìyá mi ṣàlàyé fún bàbá náà. Bàbá wá ń bẹ abẹ́ ibùsùn wò káàkiri: "Làmídì, jáde wá. Wò ó, mi ò mú pàṣán dání." Wọ́n wá a dé gbogbo ibùdókọ̀ ojú irin. A ò rí i mọ́ láéláé. Bàbá rẹ̀ kò wọ agbádá náà mọ́ títí ó fi kú.

Ìyá mi pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. A máa dá sọ ọ́ nígbà mìíràn pé, "Ǹ bá ti gbé aṣọ tútù yẹn dání, kí n sìn ín lọ. Ọmọ tí kò mọ sùúrù rí, mo ní kó dúró dè mí."

Àdúgbò Àgùdà ni mò ń gbé báyìí. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi da tíì sórí àga. Ìyá rẹ̀ kígbe pé, "Dádì, ẹ̀ ń kẹ́ ọmọ yìí bàjẹ́ o!" Mo ní kí ọmọ lọ mú àkísà wá, ká jọ nù ún. Bí ìyá mi ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn, àfi ohun kan. Òun a fún ọmọ ní àkísà, a sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Èmi kọ́kọ́ ń lọ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ni.